Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Mu Epo Lórí Òkè Mápó

Ẹni tó bá bi mí ní ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ìbàdàn, á máa retí kí n sọ pé àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni, tàbí ariwo Ọjà'ba. Rárá o. Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn.

Ìrọ̀lẹ́ ni, mo dúró ní Bẹẹrẹ, mo ń wo àwọn tó ń gun òkè lọ sí Mápó. Wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń ti yídì bọ̀. Télọ̀ kan gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù. Nọ́ọ̀sì kan wọ aṣọ iṣẹ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. Àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ìyá arúgbó, ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn, gbogbo wọn ń fẹsẹ̀ rìn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Máíkirà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí awakọ̀ ń pariwo, "Ọjà'ba kan! Ọjà'ba kan! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ẹnikẹ́ni ò wojú wọn. Mo sún mọ́ bàbá kan, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé nǹkan ṣẹlẹ̀ ni?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Nǹkan bí i kí ni? Wọ́n ń lọ sílé ni."

Ìdí tó fi yà mí lẹ́nu rèé. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní òdìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, epo bẹntiróòlù sì ni ìyá mi ń tà. Kì í ṣe nílé epo o. Nínú ìgò ni, lórí tábìlì lẹ́bàá títì, ìgò ńlá, ìgò kékeré, pẹ̀lú àkísà tí a fi ń sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Láti Nàìjíríà ni epo yẹn ti ń wá, nínú kẹ́ẹ̀gì, lórí alùpùpù tó ti darúgbó. Epo ló rán mi níléèwé. Epo ló ń rùn lára ìrọ̀rí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé Nàìjíríà nilé epo, pé bóyá lọ́hùn-ún, ewúrẹ́ gan-an ń wọ mọ́tò. Èmi ọlọ́gbọ́n! Mo wá dé ilé epo, mo bá onílé tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Àkókò tí mo dé, ìjọba ti yọwọ́ nínú owó tí wọ́n fi ń ran epo lọ́wọ́. Epo gbówó lórí, owó ọkọ̀ sì ń sá tẹ̀lé e bí òròmọdìyẹ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Èmi kúkú ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé pé nǹkan ti le, torí alùpùpù tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá sọ́dọ̀ ìyá mi ti dín kù. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìyà kan náà ló ń jẹ àwa tí à ń ra epo wọn àti àwọn tó ni epo.

Yàrá tí mo rí wà lókè, lẹ́yìn gbọ̀ngàn Mápó, níbi tí ọ̀nà ti tóóró débi pé bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan á fẹ̀gbẹ́ rìn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló gbà mí sílé. Opó ni, Mùsùlùmí ni, ọṣẹ dúdú ló ń tà ní Ọjà'ba láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. Ẹnu ẹ̀ mú, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù dé, ó bi mí pé, "Ọmọ agboolé wo ni ọ́?" Mo ní Kétu ni mo ti wá. Ó ní, "Mo gbọ́. Agboolé wo ní Kétu?" Ó fẹ́ ibi tí òun lè gbé mi kà sí. Mo sọ orúkọ agboolé wa fún un, kò mọ̀ ọ́n, ó sì mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Àwọn ará gáréèjì Bẹẹrẹ tí mo ti rí iṣẹ́ ní tiwọn, wọn ò bi mí ní ohunkóhun. Kútọnu ni wọ́n sọ mí. Ẹ gbà mí! N kò gbé Kútọnu rí láyé mi. Mo sọ fún wọn títí, ó sú mi. "Kútọnu, wá bá wa fọ ọkọ̀ yìí." "Kútọnu, ṣé ẹ máa ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ lọ́hùn-ún?" Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ń ṣe nìyẹn, fífọ ọkọ̀, èmi tí mo ti gun ọ̀kadà gbérò nílé fún ìgbà pípẹ́. Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, màá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, màá máa yí rédíò kékeré mi kiri, bóyá mo lè gbọ́ Faransé. Faransé tí mo sá fún níléèwé o! Bí mo bá rí i, n kì í tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohùn yẹn ṣáá ni mo fẹ́. Tó bá tún ṣe díẹ̀, ara mi ò ní gbà á mọ́, màá pa á, màá dìde, màá lọ rìn káàkiri àdúgbò Beyerunka láìní ibi tí mò ń lọ.

Ẹnjiníà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ Aládùúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Beyerunka, ó to àwọn pátákó tó ń gba iná lára oòrùn sórí òrùlé rẹ̀, ó sì ń gba iná sínú bátìrì pẹ̀lú wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wá sí gáréèjì, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Kò pariwo bó ṣe ń bọ̀. A kàn gbójú sókè ni, a rí i láàárín wa.

Làsísì, awakọ̀ Máíkirà kan tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ gbogbo gáréèjì á rẹ́rìn-ín, ló kọ́kọ́ yí i po. "Ẹnjiníà, níbo la ó máa da epo sí?"

"Kò ní ibi tí à ń da epo sí. Iná ló ń lò."

"Háà! Ẹni tí kò jẹun, ṣé ó lè gun òkè Mápó?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ṣé iná ò ní gbé èrò?"

Ẹnjiníà ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ẹnì kan ló wá pariwo látẹ̀yìn pé, "Ẹ fún Kútọnu! Tí iná bá gbé e, ẹnikẹ́ni ò ní bi wá." Ẹ̀rín tún sọ. Ìbínú ló mú mi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìgboyà. Mo ju àkísà tí mo fi ń fọ ọkọ̀ sílẹ̀, mo ní, "Ẹ gbé e wá."

Bí mo ṣe di awakọ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń dẹ́rù bà mí, torí pé èmi, ọkọ̀ tó bá dákẹ́, òkú ọkọ̀ ni lójú mi. Àwọn èrò náà ò fọkàn balẹ̀. "Dẹ́rẹ́bà, ṣé ó ti kú ni?" "Ó ń lọ, mà. Ẹ wo ìta, ẹ ó rí i." Ní ojú ọ̀nà tóóró, wọn kì í gbọ́ wa bá a ṣe ń bọ̀, àfi kí n máa ké "Ẹ yà o!" bí aláàrù. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ẹnjiníà kọ́ mi pé bó bá ń gun òkè, ó ń jẹ bátìrì gidi gan-an, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba díẹ̀ padà nínú ohun tó ná. Mo fẹ́ràn èyí. Mi ò tíì rí ohun mìíràn láyé yìí tí òkè ń dá nǹkan padà fún.

Ohun kan tó ń ṣe mí tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ọwọ́ mi ò rùn epo mọ́. Màá gbé e sí imú ní ìrọ̀lẹ́, ọṣẹ dúdú Ìyá nìkan ni màá gbọ́. Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi pè lọ́jọ́ kan tí mo dúró de èrò ní Bẹẹrẹ.

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, mà."

"Epo tí ò ń lò níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ojúlówó ni? Má jẹ́ kí wọ́n fi omi lú u fún ọ o."

Mo ronú kí n parọ́, ó rẹ̀ mí. "Màmá, kì í mu epo."

"Kí ni kì í mu epo?"

"Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wà. Iná ló ń lò. Oòrùn ni wọ́n fi ń gba iná sí bátìrì rẹ̀."

Mo ti rò pé fóònù ti já. "Oòrùn," ó ní. "Oòrùn yìí náà? Tó wà lórí mi níbí, tó ń fa epo mi gbẹ nínú ìgò?"

"Òun náà ni, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Yéè! Èmi ni mo fi epo tọ́ ọ. O tún wá dé Nàìjíríà tán, o lọ ń wa ohun tí kì í mu epo. Ọmọ alápatà tó lọ ń jẹ ẹ̀fọ́ lásán!" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní tábìlì òun ti fẹ́ẹ̀ ṣófo. Ó ní epo tó ń wá láti Nàìjíríà ti wọ́n ju ti ilé epo lọ, àwọn oníbàárà òun àtijọ́ ń kọjá lọ, wọ́n ń kí òun bí ẹni ń kí òpó. Mo ní yóò dáa. Ó ní, "Báwo ni yóò ṣe dáa? Sọ fún mi, ìwọ tó o wà níbẹ̀." Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, inú ń bí mi, n kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Kò pẹ́ tí epo tún fi gbówó lórí. Alága gáréèjì pè wá jọ, ó ní láti òní lọ, owó ọkọ̀ ti kúrò ní bó ṣe wà. Àgbàlagbà ni Alága, kì í pariwo, ojú ló fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn yòókù túká, mo lọ bá a.

"Alága, ẹ má bínú sà. Ṣé èmi náà á gba iye yẹn? N kò ra epo."

"Wàá gbà á."

"Owó epo tí n kò rà?"

Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Gbọ́ mi. Bó o bá gba kékeré, ta ni yóò wọ ọkọ̀ Làsísì? Wọn yóò sọ pé olè ni Làsísì. Kì í ṣolè. Ó rapo, ó fẹ́ jẹun. Iye kan náà ni gbogbo ìlà ń gbà, òun ni kì í jẹ́ ká máa ju òkò mọ́ra wa."

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òótọ́ ni. N kò rí ibi tí mo ti lè já a. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún ń wo àwọn èrò tí wọ́n gbọ́ owó tuntun náà, tí wọ́n sì yí padà, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó wá kiri ọṣẹ ní Bẹẹrẹ, wà lára wọn. Orúnkún ń dà á láàmú, ó ru abọ́ ọṣẹ, ó ń gun òkè, ó ń dúró mí, ó tún ń gùn ún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn jíìpù ń kọjá, ẹnì kan péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Èéfín wọn sì ń rọ́ lu àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó ń jó epo kọ́ ló ń fà á símú. Mo rò ó, mo tún un rò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ìlú?

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo sọ fún Ìyá pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n máa gbé yín lọ́fẹ̀ẹ́."

Ojú rẹ̀ le. "Lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé mo tọrọ báárà lọ́wọ́ rẹ rí?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Owó ọkọ̀ dé Mápó, mo lè wá a rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tó ti Mápó dé ilé yìí ló ń pa mí, torí ọkọ̀ kankan kì í gun ibẹ̀." Ó jókòó, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Lẹ́yìn náà ló bi mí, "Ìyá rẹ tó ń tajà yẹn, ṣé kì í fún èèyàn ní ènì ni?"

Mo rí ìyá mi lójú ọkàn mi. Bó bá da ìgò epo sínú táǹkì oníbàárà tán, tó gbowó, á mú ìgò kékeré, á tún ta díẹ̀ lé e lórí. Kò sí oníbàárà tí kì í dúró de díẹ̀ yẹn. Owó ọjà ò yí padà, ọjà ló fi díẹ̀ lé. Alága ní iye kan náà ni gbogbo wa ó máa gbà. Kò sọ pé kí n má fún èèyàn ní ènì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́jà?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Màá gba owó bí gbogbo wọn ṣe ń gbà á. Bí a bá dé Mápó, níbi tí àwọn yòókù ti ń já èrò sílẹ̀, màá wo ẹ̀yìn. Bí mo bá rí arúgbó, tàbí aboyún, tàbí ẹni tó di ẹrù, màá ní, "Ẹ jókòó, mà. Ènì yín kù." Màá sì gun òkè náà dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ ò rí bí ojú wọn ṣe ń là! Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí a fi délé, ó ní òun ti ra ẹ̀wà, òun ti ra gàrí, òun ò tíì ra ọkọ̀ tó ní ènì rí. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń sùn dáadáa. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju gáréèjì lọ.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí. Wọn á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ní Bẹẹrẹ, wọn ò ní wọ Máíkirà tó wà níwájú wọn. "Jẹ́jẹ́ là ń dúró dè." Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Làsísì di aṣọ mi mú lọ́rùn. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí! Láti àárọ̀! Ọkọ̀ mi ò kún. Epo tí mo rà ti ń jó tán níbi tí mo ti ń sún síwájú lórí ìlà. Kí ni kí n gbé lọ fún ìyàwó mi, ènì?"

"Bọ̀ọ̀dá Làsísì, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láì fara kanra."

"Ojú ọ̀run nìyẹn!" ó pariwo. "Kì í ṣe títì Mápó! Padà sí Kútọnu rẹ!"

Wọ́n là wá. Alága dé, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó gbọ́ tẹnu mi, ó ní kí n gbé kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí di ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun, gbogbo wa á jókòó, a ó mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ náà á ṣì wà lórí ìlà tàbí yóò lọ. Ẹnjiníà náà ò tàn mí. Ó ní, "Àbúrò, bí wọn ò bá gbà á níbí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni màá gbé e lọ. Mi ò lè máa gbé e ti ògiri." Ìyẹn ni pé èmi á tún mú àkísà, màá padà sídìí ọkọ̀ fífọ̀, tàbí kí n di ẹrù mi kí n padà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tó ti ṣófo.

N kò lè jókòó ní àwọn ọjọ́ yẹn. Mo rìn. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, mo gòkè padà, mo lọ sí Beyerunka lọ wo kẹ̀kẹ́ níbi tí wọ́n gbé e sí, mo padà. Ní Ọjà'ba, obìnrin kan tí mo máa ń gbé dé ẹnu ọ̀nà rí mi, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, a ò rí ọ," mo sì yí ojú kúrò. Ojú tì mí. Ohun tí mo kó bá wọn rèé: mo fi ohun dídùn tọ́ wọn lẹ́nu wò, mo gbà á padà.

Mo bá Ìyá lójú ọ̀nà nírọ̀lẹ́, mo gba abọ́ ọṣẹ lórí rẹ̀. Ó wo ojú mi. "Má dààmú. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì."

"Ìyá, ní gáréèjì yẹn, onílé ni wọ́n ń gbè."

"Ṣé Jímọ̀ ti tó ni? Ọmọdé ò ní sùúrù." Ó fọwọ́ ti ògiri, ó mí. "Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Làsísì náà sọ o. Ọlọ́jà tó bá fi ènì pa ọlọ́jà ẹgbẹ́ ẹ̀, kì í ṣe ènì ló fún èèyàn mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo rò pé tèmi ló máa gbè.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Wọ́n ti kírun tán, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àti táyà, èmi nìkan ni mo dúró. Làsísì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó sọ ti ilé rẹ̀, bí òun ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nígbà tí òun bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Mápó nítorí kí epo má baà jó, tó jẹ́ pé búréèkì ń le mọ́ òun lẹ́sẹ̀, tí ẹ̀rù ń ba òun, tí òun ṣì ń ṣe é. Gbogbo wọn ló ń ṣe é.

Alága yíjú sí mi. "Kí lo ní í sọ?"

Mo sún síwájú. "N kò wá gba oúnjẹ ẹnikẹ́ni, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè yẹn, ṣé wọn kì í ṣe èèyàn ni? Ọkọ̀ kankan kì í gun ibẹ̀. Èmi nìkan ni òkè yẹn ò gbowó epo lọ́wọ́ mi. Tí n kò bá gbé wọn, ta ni yóò gbé wọn? Ẹ sọ fún mi!" Ohùn mi ti lọ sókè, mo sì bẹ̀ wọ́n.

Alága yíjú sí Làsísì. "Làsísì, bí mo bá ní kó o máa gun òkè yẹn dé ẹnu ọ̀nà wọn, ṣé wàá gbà?"

"Alága! Àti epo tó máa jó, àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó máa ṣẹ́?"

"Ta ló fẹ́ ẹ nínú yín?" Kò sẹ́ni tó nawọ́. "Ó dáa. Kútọnu, kúrò lórí ìlà Bẹẹrẹ."

Mo gbọ́ tẹ́nì kan ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́.

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán," Alága ní. "Láti ọ̀la, o ò gbọdọ̀ gbé èrò Bẹẹrẹ. Òkè ni tìrẹ. Láti ẹnu ọ̀nà wọn sọ̀ kalẹ̀ dé Ọjà'ba, kó o sì gbé wọn padà. Ẹni tó bá ń lọ sí Bẹẹrẹ, kó wọ ọkọ̀ Làsísì ní Ọjà'ba. Owó rẹ̀, àwa la ó dá a, kékeré ni yóò jẹ́, torí o ò ra epo. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Ènì ńkọ́?"

"Ènì ti tán. Ohun tí a bá ti sọ di ọ̀nà, kì í ṣe ènì mọ́."

Wọ́n dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ. Ẹnì kan ní wọ́n ti ju egungun fún mi. Ẹlòmíràn ní orí mi pé. Làsísì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Kó o máa já wọn sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ mi o, kì í ṣe ti ẹlòmíràn." Mo ní mo gbọ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, n kò mọ̀ bóyá ìyà ni wọ́n fi jẹ mí lọ́jọ́ yẹn tàbí oore ni wọ́n ṣe mí. Owó tó ń wọlé kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Òkè ń jẹ bátìrì. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sí ìyá mi tán, tèmi kì í pọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé Jẹ́jẹ́ dé orí òkè, lábẹ́ igi kan níbi tí ọ̀nà tóóró mélòó kan ti pàdé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti lọ ra àdín láti ìdájí, kò sí nílé láti bá mi kéde. Mo dúró. Ẹnikẹ́ni ò wá. Wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹrù lórí, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ sí lọ́kàn wọn pé ọkọ̀ lè jẹ́ tiwọn. Mo ń ké, "Ọjà'ba kan! Ọjà'ba kan!" ohùn mi sì ń dún bí ohùn ẹni tó ṣì ọ̀nà. Mo bọ́ sílẹ̀, mo nu gíláàsì, mo tún wọlé, mo tún bọ́ sílẹ̀. Mo rò ó pé bí ọjọ́ yìí bá lọ bẹ́ẹ̀, Alága á ní, "Ṣé o rí i?" Ẹnjiníà á sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé tó kọjú sí mi, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ń wò mí tipẹ́.

"Ọmọ, ta lò ń dúró dè látàárọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin àti gbogbo ará òkè, sà. Ọkọ̀ yín nìyí. Wọ́n ní kí n máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀."

Ó wo kẹ̀kẹ́. Ó wò mí. Ó fọwọ́ gbá ògiri mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, ó ti parí nìyẹn.

Mo ti ń fi kọ́kọ́rọ́ sí i láti lọ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà, mo sì gbọ́ òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo sáré lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó sinmi, ó gbé èkejì, ó jókòó, ó to agbádá rẹ̀ sí èjìká.

"Níbo là ń lọ, bàbá?"

"Ọjà'ba ni. Látìgbà tí orúnkún yìí ti dè mí mọ́lé, ariwo rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Jẹ́ ká lọ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀."